Ẹ Bi Wá: Ta Lẹ Ń Kọ Ọ́ Fún?

A ní kí ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí ìwé kíkọ. Ohun tí a ń retí ni pé ẹ óò béèrè bí èèyàn ṣe ń rí ilé iṣẹ́ tó máa tẹ ìwé òun jáde. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀: ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi wá ni ìdí tí èèyàn fi ń kọ nǹkan rárá, àti ìdí tí kò fi ń lọ geere. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a ò sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ nǹkan sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà rí. Ìyàwó mi bi mí pé bí kò bá sẹ́ni tó máa kà á, kí ni mò ń kọ ọ́ fún? Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé ó burú ni? — Ọkọ tó dákẹ́

ÌDÁHÙN: Kò burú rárá, sà. Ìbéèrè ìyàwó yín náà ò burú, àfi pé ó ka gbogbo ìwé sí lẹ́tà, bíi pé kò sí èyí tí kì í lẹ́ni tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ wo ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn wàláà amọ̀ tó wà lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ láyé, Uruk ni wọ́n ti hú wọn jáde, ní gúúsù ilẹ̀ Ìráàkì, wọ́n sì ti wà láti nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Kristi. Kì í ṣe ewì ló wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ìṣírò ni: iye ọkà báálì tó wọlé, iye àgùntàn tó jáde, ẹni tó gba ọtí. Ẹni tó fi ọ̀pá esùsú tẹ àmì yẹn sára amọ̀ kò wá ìyìn. Kó má bàa gbàgbé ni, kí ẹnikẹ́ni má sì jà á níyàn lọ́la. Ó tó nǹkan bí 900 ọdún lẹ́yìn náà kí Enheduanna, ọmọbìnrin Ọba Sargon tó jẹ́ olórí àlùfáà nílùú Ur, tó kọ orin ìyìn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òun la kà sí òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ tí a mọ̀ lórúkọ. Ẹ ò rí i pé ìrántí ti pẹ́ nídìí ìwé kíkọ kí òkìkí tó dé bẹ̀.

Àmọ́ a ò rò pé ìrántí nìkan ló ń mú yín kọ fún ọdún mẹ́wàá. A rò pé ẹ ń kọ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń rò ni. Nínú orí, èrò méjì tó ta ko ara wọn lè jókòó pọ̀ fún ọdún márùn-ún kí wọ́n má jà. Ẹ kọ wọ́n tẹ̀ léra lórí bébà, ìjà dé. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣàpẹẹrẹ. Ẹnì kan kọ pé: “Mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ torí pé owó rẹ̀ kéré.” Kó kà á padà, kó sì bi gbólóhùn náà léèrè pé: tí wọ́n bá sọ owó náà di ìlọ́po méjì lọ́la, ṣé màá dúró? Tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ̀ láti kọ “bẹ́ẹ̀ ni”, a jẹ́ pé “torí” yẹn kì í ṣe òótọ́. Kó má pa á rẹ́ o. Kó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: “Mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ torí pé ọ̀gá mi máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu níwájú àwọn tó dé lẹ́yìn mi.” Gbólóhùn kejì yìí ò sí lórí rẹ̀ kó tó kọ ti àkọ́kọ́. Bírò ló hú u jáde. Nígbà míì “torí” máa tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó kan èyí tó tọ́. Ẹ óò dá a mọ̀: òun ni èyí tí ẹ ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wò léjìká yín.

Ní ti pé kò sẹ́ni tó kà á, Emily Dickinson, akéwì ará Amẹ́ríkà, kú ní 1886, ewì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,800. Nǹkan bíi mẹ́wàá péré ló jáde nígbà ayé rẹ̀. Síbẹ̀ ó da ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ dáadáa, ó ká bébà, ó sì fi òwú rán wọn pọ̀ di ìwé pélébé pélébé. Ẹni tí kò bìkítà kì í gbé abẹ́rẹ́ ti ìwé. Lójú tiwa, ó ní òǹkàwé kan lọ́kàn tí kò tíì dé ni. Torí náà, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ẹni tí ẹ máa jẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i lẹ ń kọ ọ́ fún. Tí ìyẹn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ jẹ́ kó ka ojú ìwé kan. Ẹ̀yin lẹ máa yan ojú ìwé ọ̀hún o!

ÌBÉÈRÈ: Ọdọọdún ni mò ń ra ìwé tuntun láti máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó parí nìyẹn. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? — Ẹni tó ń ra ìwé ju bó ṣe ń kọ ọ́ lọ

ÌDÁHÙN: A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun tó wà lójú ìwé kejìlá yín láìrí i: “Mo jí láago mẹ́fà. Mo lọ síbi iṣẹ́. Ó rẹ̀ mí. Mo sùn.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ wo ni kò bá mu? Ẹ̀yin gan-an ni òǹkàwé àkọ́kọ́, ó sì ti sú yín.

Ẹ wo Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1660 ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, títí di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1669, tó fi í sílẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà á pé ojú òun máa fọ́. Nígbà tí iná ńlá ń jó ìlú náà ní 1666, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà, òun sì sin wáìnì àti wàràkàṣì òun síbẹ̀ kí iná má bàa kàn án. Àwọn òpìtàn ti kọ nípa iná yẹn ní àkọtúnkọ, síbẹ̀ wàràkàṣì inú ilẹ̀ yẹn lẹni tó bá kà á kì í gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ kọ déètì, kí ẹ wá mú ohun kan ṣoṣo nínú ọjọ́ náà, ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́, kí ẹ kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún, kí ẹ sì pa ìwé dé. Kódà bí ọ̀rọ̀ ṣì kún inú yín, ẹ pa á dé. Òun ni yóò gbé yín padà wá lọ́la. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹ má kọ “a jà”. Ẹ kọ ohun tí ẹni yẹn sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, títí kan ibi tó ti dákẹ́.

Ohun tó ń pa ìwé bẹ́ẹ̀ jù lọ ni gbèsè. Èèyàn fo ọjọ́ mẹ́rin, ó ní òun máa kọ ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí òun tó kọ tòní, ó di mẹ́jọ, ó di òkè ńlá. Ọjọ́ tó bá lọ ti lọ. Déètì òní ni kí ẹ kọ. Ìdí nìyẹn tí a ò fi fẹ́ràn àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ déètì sí lójú ìwé kọ̀ọ̀kan: ojú ìwé tó ṣófo níbẹ̀ ń fẹ̀sùn kan èèyàn ni. Ìwé onílà lásán dára jù, kí bírò wà nínú rẹ̀, kí ó sì wà níbi tí ẹ ti ń ṣe ohun kan tí ẹ kì í gbàgbé láti ṣe kí ẹ tó sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ohun tó ń dùn mí sílẹ̀, pé ara máa tù mí. Mo kọ ọ́ tán, ẹkún ni mo sun mọ́jú. Ṣé mi ò kọ ọ́ bó ṣe yẹ ni? — Àbúrò tó gbọ́ràn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bó ṣe yẹ gan-an lẹ kọ ọ́. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, James Pennebaker àti Sandra Beall, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé ní alẹ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Àwọn kan kọ nípa nǹkan tí kò ní láárí, àwọn yòókù kọ nípa ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù láyé wọn. Bí wọ́n ṣe gbé bírò sílẹ̀, ìbànújẹ́ àwọn tó kọ nípa ọgbẹ́ ọkàn pọ̀ ju ti àwọn kejì lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn ni ẹsẹ̀ wọn dín kù jù ní ilé ìtọ́jú. Ẹ kíyè sí i: ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe rí lára, pa pọ̀. Ẹkún nìkan kò tó, ìròyìn nìkan kò sì tó. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Bí ẹ óò ṣe ṣe é nìyí. Ẹ yan ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra, ní àkókò tí kò sí ohun ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó wọ ìpàdé. Ẹ yí aago sí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má dúró, kí ẹ má wo àṣìkọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára ni. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ máa wá ibi tí “nítorí pé” àti “ó wá yé mi pé” ti lè wọlé láìfi tipá. Nígbà tí Pennebaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò lẹ́yìn náà, àwọn tí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni ara tù jù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí èèyàn kọ ìpínrọ̀ kan náà fún oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ti kúrò ní kíkọ, ó ti di kí ọkàn máa jẹ àpọ̀jẹ. Tí ọjọ́ kẹrin bá dé tí gbólóhùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹ pa “mo” tì, kí ẹ sọ ara yín di “ó”: “Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè é.” Ẹ óò rí i pé ojú máa wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè díẹ̀. Bí ọgbẹ́ náà bá ṣì tutù, tí kò tíì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ ná. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le jù láti kọ, ẹ fò ó. Tí oorun bá sì ti dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí èrò àtipa ara ẹni bá ń wá, ẹ má dúró ti bírò. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n yín lónìí.

Ẹ lè ya ìwé náà tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀, èyí tó bá wù yín. Ẹ má ṣáà fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lóru ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tó wà nínú ìwé yín ò tíì já bọ́.

ÌBÉÈRÈ: Bírò ni àbí fóònù? — Ọmọ ayé òde òní

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ láti ronú tàbí láti tu ọkàn lára, bírò. Ọwọ́ ò lè yára tó èrò, torí náà ó gbọ́dọ̀ yan èyí tó máa kọ, yíyàn yẹn gan-an sì ni iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn máa kà, ẹ tẹ̀ ẹ́, torí pé ẹ óò gbé ìpínrọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ ń lò, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Fóònù tó bá já sínú omi lè gbé ọdún mẹ́ta lọ.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ ni mò ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn tó ń kọ ìwé ńlá, ìgbà wo ni wọ́n ń rí kọ ọ́? — Òṣìṣẹ́

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí Toni Morrison, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń ṣe olóòtú ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, tó sì ń dá tọ́ ọmọkùnrin méjì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń kọ̀wé. Anthony Trollope, tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ìtàn àròsọ 47. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń jókòó. Ó tiẹ̀ ń san owó fún ọmọọ̀dọ̀ rẹ̀ kó lè máa jí òun. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ohun tó kọ lánàá ló ń kà. Lẹ́yìn náà á gbé aago síwájú, á sì máa béèrè ọ̀rọ̀ 250 lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má gbìyànjú ìyẹn, ẹ máa ṣubú lọ́jọ́ kẹta. Ẹ mú 250 lóòjọ́, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú 15. Ọ̀rọ̀ 250 lóòjọ́ fún ọdún kan jẹ́ 91,250, ìyẹn sì tó odindi ìwé. Bí ẹ bá pàdánù ìdajì ọjọ́ ọdún, ó ṣì ju 45,000 lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó bá ní ọjọ́ Sátidé nìkan lòun máa kọ, gbogbo wákàtí àkọ́kọ́ ló fi ń wá ohùn tó fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí ó ti sọnù. Kí ẹ má bàa wá ohùn kiri, ẹ dúró nígbà tí ẹ ṣì mọ ohun tó kàn, kí ẹ kọ ìlà kan sísàlẹ̀: “Ní báyìí, lẹ́tà náà dé, kò ṣí i.” Lọ́la, ibẹ̀ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ tí mo máa ń pa rẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. — Pa-á-rẹ́

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ méjì lẹ ń fi ọwọ́ kan ṣe. Ẹni tó ń pọn omi yàtọ̀ sí ẹni tó ń sẹ́ ẹ. Tí ẹ bá gbé asẹ́ lọ sódò, ẹ ò ní pọn nǹkan kan bọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọn ná: bírò ò gbọdọ̀ kúrò lórí bébà, tí ọ̀rọ̀ bá tán, ẹ kọ “mi ò mọ ohun tí mo máa kọ” títí nǹkan míì á fi yọ. Tí ojú yín bá ń sá lọ sókè, ẹ fi bébà míì bo ohun tí ẹ ti kọ. Kò sì pọn dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ rí kedere jù ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá kà á sókè ketekete. Níbi tí ahọ́n ti kọsẹ̀, gbólóhùn gùn jù. Ibi tí ẹ ti sáré kọjá, ẹ gé e. Kí ẹ tún gbìyànjú kí ẹ yọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kúrò pátápátá, torí níbi púpọ̀, wíwú ikọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ikú jẹ́ ohun tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láyé.” Ta ni kò mọ̀? Gbólóhùn kẹsàn-án rẹ̀ ni: “Ọjọ́ kẹta tí bàbá kú ni mo rí i pé awò ojú rẹ̀ ṣì wà lórí rédíò.” Mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ wọn; wọ́n mú un débẹ̀. Kí wọ́n máa lọ.

ÌBÉÈRÈ: Kí n má parọ́, mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ mí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? — Olóòótọ́

ÌDÁHÙN: Rárá. Nígbà tí George Orwell, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka ìdí mẹ́rin tí èèyàn fi ń kọ̀wé, ní 1946, ìfẹ́ pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ẹni ló fi síwájú. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé kì í gbé èèyàn la ọdún kejì kọjá tó bá dá wà, torí òkìkí kì í yára dé. Ẹ wá ìdí míì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wa, ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ẹbí máa dá ara wọn mọ̀. Ṣé kí n pa orúkọ wọn dà? — Àkọ́bí

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ tán pẹ̀lú orúkọ wọn gan-an. Ẹni tó bá ń pa orúkọ dà nígbà tó ń kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, òótọ́ ló máa ń pa dà mọ́ ọn. Kíkọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ gidi ná ni Anne Frank ṣe, ọmọbìnrin Júù tó sá pamọ́ fún ìjọba Násì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: láti 1942 ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tirẹ̀ fún ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1944, ó gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n máa kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ lẹ́yìn ogun, ló bá tún un kọ sórí bébà mìíràn fún ojú ayé, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ mìíràn tó fẹ́ fún àwọn tí wọ́n jọ sá pamọ́.

Àmọ́ orúkọ nìkan ò bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àbúrò yín máa dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ yí iṣẹ́ padà, ẹ yí ọjọ́ orí padà, ẹ sọ ẹni méjì di ọ̀kan. Tí ó bá sì jẹ́ ìtàn gidi lẹ fẹ́ kó jẹ́, tí kò gbọdọ̀ yí padà, ẹ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù ní ojú ìwé tirẹ̀ nìkan kó kà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú bírò pupa. Ẹ sọ fún un pé ọdún, ibi àti ẹni tó wà níbẹ̀ ló lè fi bírò náà tún ṣe. Ohun tó rí lára yín, kó kọ tirẹ̀ sẹ́yìn bébà.